Ṣé Kérésì lè wà nínú kọ́míìkì tí kò ní yìnyín? Ẹ bá mi dá sí i

Pẹ́ńsù_Méjì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìmúra ọdún o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e síwájú yín.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ya kọ́míìkì kékeré kan ní oṣù Kejìlá, ojú ewé mẹ́rin péré, tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn mi dípò káàdì Kérésì. Ti ọdún yìí, ìtàn awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ni. Alẹ́ ọjọ́ 24 ni, ìrìn ìkẹyìn. Gbogbo èrò ti sọ̀ tán, ó ku bàbá àgbàlagbà kan tó ti sùn lọ lẹ́yìn, tó gbé ẹrù kan tí wọ́n fi bébà aláràbarà dì lé itan. Bọ́ọ̀sì ti kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀. Awakọ̀ wo dígí, ó rí i. Òun náà fẹ́ tètè délé. Kí ni yóò ṣe? Ìtàn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti ya ojú ewé méjì. Mo da yìnyín sí i lọ́tùn-ún lósì, mo gbé igi Kérésì sí gbogbo kọ̀rọ̀, mo dé fìlà Bàbá Kérésì fún awakọ̀, mo so aago mọ́ iwájú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo gbé e jìnnà sójú wò, bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn ni mo rí, mi ò rí ìtàn mọ́. Kí n sòótọ́, mi ò rí yìnyín rí láyé mi. Inú fíìmù ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á rẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní jọ Kérésì mọ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Fíìmù wo ni kí n wò, ìwé àwòrán wo ni kí n ṣí, kí n tó tún pẹ́ńsù mú?

Tàdáwà

Àbúrò, o ti rí ojú egbò náà fúnra rẹ, ó ku ká fi oògùn sí i. Kì í ṣe yìnyín ló da ìtàn rẹ rú. Gbogbo ohun tó ń jẹ́ Kérésì lo kó sí ojú kan, wọ́n wá ń pariwo lé ara wọn lórí. Bàbá àgbà ń sùn lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Pẹ̀lú aago, fìlà àti igi mẹ́ta, ta ni yóò rí i?

Ohun kan tún wà tó yẹ kó fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Bàbá Kérésì tí gbogbo wa ń wò bí ẹni tó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ yẹn, ọ̀kan nínú àwa tí a ń fi yíǹkì ṣeré ló fún un ní ojú tó ní. Thomas Nast lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, tó ń yàwòrán fún ìwé ìròyìn Harper's Weekly. Iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ni kó máa fi àwòrán na àwọn olóṣèlú tó ń kówó ìlú jẹ. Ní oṣù Kíní ọdún 1863, tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́hùn-ún, ó ya Bàbá Kérésì sínú àgọ́ àwọn ọmọ ogun, ó wọ̀ ọ́ láṣọ oníràwọ̀ àti onílà bí àsíá ilẹ̀ náà, ó ń pín ẹ̀bùn. Ẹ má pe ìyẹn ní àwòrán ọmọdé. Ẹ̀yìn ìhà kan nínú ogun náà ni Bàbá Kérésì wà. Lẹ́yìn ogun, Nast kò fi í sílẹ̀. Ó kọ́lé fún un sí Òpó Àríwá ayé, ó ń sanra díẹ̀díẹ̀, títí di ọdún 1881 tó fi ya èyí tí gbogbo ayé mọ̀: ikùn ńlá, irùngbọ̀n, ohun ìṣeré lápá, ìkòkò tábà lẹ́nu.

Nígbà tí Haddon Sundblom bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún fún ìpolówó Coca-Cola ní 1931, ojú ti wà nílẹ̀, aṣọ pupa ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ lọ́dọọdún pé ìpolówó ló rán aṣọ pupa fún un, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sinmi.

Ohun tí mò ń sọ ni pé èèyàn ló jókòó sídìí tábìlì tó yà á, ọ̀kan kò já bọ́ láti ọ̀run. (Ọ̀rọ̀ ìbí Jésù kọ́ ni mò ń sọ o, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ gbé Bíbélì tì mí.) Pa igi mẹ́ta yẹn rẹ́ ná, bọ́ fìlà lórí awakọ̀, kí a tó wá sọ ti yìnyín.

Sinimá_Àtijọ́

Ti yìnyín ni tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán.

Ọmọ mi, ìwọ nìkan kọ́ lo ti inú fíìmù mọ yìnyín. Àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sí yìnyín níwájú wọn. Ẹ mú It's a Wonderful Life ti Frank Capra, ọdún 1946. Ìgbà ooru ni wọ́n yà á, ní California. James Stewart wọ ẹ̀wù òtútù, ó ń sáré nínú yìnyín, òógùn sì bò ó lábẹ́ ẹ̀wù náà.

Kí wọ́n tó ṣe fíìmù yẹn, kọnfíléèkì tí wọ́n kùn lọ́dà funfun ni àwọn onísinimá sábà máa ń dà sílẹ̀. Lójú, ó jọ yìnyín dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ rìn lórí kọnfíléèkì wò. Ariwo ẹsẹ̀ a máa bo ohùn òṣèré mọ́lẹ̀, wọn a sì tún ohùn náà gbà lọ́tọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó bá Capra ṣiṣẹ́ po foamite, ìyẹn ìfófòó tí wọ́n fi ń paná, mọ́ ọṣẹ àti omi, wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ sókè. Ó ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdún rárá. Àwọn tó ń fúnni ní Oscar dá wọn lọ́lá lórí ọgbọ́n yẹn.

Nítorí náà, yìnyín tí o mọ̀ yẹn, ọṣẹ ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Fíìmù náà kò pa owó nígbà tó jáde. Ní 1974 ni àkókò ẹ̀tọ́ àdàkọ orí rẹ̀ pé, wọn kò sọ ọ́ dọ̀tun, ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá ń fi í hàn léraléra ní oṣù Kejìlá nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ló ti di fíìmù Kérésì tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ìwé tí wọn ò fi sílẹ̀ lásìkò ló sọ ọ́ di ohun tó dà.

Ọ̀rẹ́_Fíìmù

Láti àárọ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ fíìmù Kérésì, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Die Hard. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?

Tàdáwà

Ó ti dé.

Ọ̀rẹ́_Fíìmù

Mo ti dé lóòótọ́! Ẹ gbọ́ mi ná. Alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni. Àríyá ọ́fíìsì ń lọ. Ọkọ kan ti ọ̀nà jíjìn wá bá ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n lè parí ìjà. Ẹ yọ ìbọn kúrò níbẹ̀, kí ló kù? Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ pé oṣù Keje 1988 ni wọ́n gbé e jáde. Batman Returns ńkọ́? Oṣù Kẹfà 1992 ló jáde, igi Kérésì sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, inú kọ́míìkì ni wọ́n sì ti mú Batman wá. Oṣù tí wọ́n gbé fíìmù jáde kọ́ ni oṣù tó wà nínú rẹ̀.

Pẹ́ńsù_Méjì, ìwọ ni èyí wà fún. Los Angeles ni ìtàn Die Hard ti ṣẹlẹ̀, yìnyín ò sí níbẹ̀. Wo ìparí rẹ̀ dáadáa. Bébà láti inú àwọn ọ́fíìsì tó bàjẹ́ ń fò wálẹ̀ lójú ọ̀run alẹ́, ó ń bọ́ sórí gbogbo wọn. Yìnyín ni wọ́n fi bébà ṣe. Wọn ò fi yìnyín sí ibi tí kò sí, síbẹ̀ a rí i.

Tàdáwà

Háà. Èmi tí mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbà fún ọ lórí ti bébà. Lórí ìyókù, n kò tíì gbà.

Gbàgbọ́n

Ẹ̀yin èèyàn yìí, Kérésì ọlọ́ṣẹ, Kérésì oníbébà, Kérésì oníbọn.

Èmi ò kì í wo fíìmù Kérésì. Kí n tó jókòó ni mo ti mọ òpin rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ńlá nílùú ńlá padà sí ìlú kékeré tí wọ́n bí i sí. Ó pàdé ọkùnrin kan tó ń gé igi. Ọkùnrin náà ní ajá. Wọ́n jà lórí ohun tí kò tó nǹkan, iná Kérésì tàn, wọ́n fẹnu konu, ó parí. Wọ́n ń tẹ̀ wọ́n jáde bí ẹni tẹ káàdì.

Pẹ́ńsù_Méjì

Ẹ̀gbọ́n Gbàgbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ò kì í wò ó lẹ mọ̀ pé ọkùnrin náà ní ajá.

Gbàgbọ́n

Ìyàwó mi ló máa ń wò ó. Mo kàn máa ń kọjá ni.

Ojú_Ewé_Kejì

Ẹ̀gbọ́n Tàdáwà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè. Bí èèyàn bá tiẹ̀ fẹ́ fi yìnyín sí i, báwo ni wọ́n ṣe ń fi yíǹkì dúdú ya á sórí bébà funfun? Tèmi máa ń dà bí ẹni da ẹ̀wà sílẹ̀.

Pẹ́ńsù_Méjì, ẹ wo Tokyo Godfathers ti Satoshi Kon, 2003. Àwọn mẹ́ta tí kò nílé lórí rí ọmọ jòjòló nínú ìdọ̀tí ní alẹ́ ọdún Kérésì, wọ́n wá ń wá ìyá rẹ̀ káàkiri Tokyo. Fíìmù àwòrán ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Yìnyín wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n òtútù ló ń mú wọn nínú rẹ̀, kò wà fún ẹ̀ṣọ́. Ìtàn bàbá inú bọ́ọ̀sì yìí ló mú mi rántí rẹ̀.

Tàdáwà

Má ya yìnyín. Ya ohun tí kì í ṣe yìnyín. Bébà rẹ ti funfun tẹ́lẹ̀, yìnyín ti wà níbẹ̀ kí o tó jókòó.

Bí ó bá jẹ́ òrùlé, kun ògiri abẹ́ rẹ̀ dúdú, kí o fi orí rẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, kí etí rẹ̀ má sì tọ́ bí ìlà tí a fi rúlà fà, kó wú níhìn-ín kó rì lọ́hùn-ún. Ipasẹ̀ ni ojú fi ń mọ bó ṣe jìn tó: ihò dúdú kékeré, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Fún èyí tó ń bọ́ lọ́wọ́, kun ojú ọ̀run dúdú kirikiri, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó bọ yíǹkì funfun, kí o fi àtàǹpàkò ha á sórí rẹ̀. Yóò fọ́n fúnra rẹ̀, ńlá àti kékeré, kò ní tò bí ọmọ iléèwé. Fi bébà bo ojú àwọn èèyàn inú àwòrán kí o tó ha á o. Èmi gbàgbé lọ́dún kan, mo fọ́n ọn sójú Màríà ìyá Jésù, ó wá dà bíi pé nǹkan sú sí i lójú. Mo tún odindi ojú ewé yà.

Bill Watterson tó ya kọ́míìkì Calvin and Hobbes, ti ọmọkùnrin kan àti ẹkùn rẹ̀, láti 1985 dé 1995 mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1995 ni àwòrán rẹ̀ ìkẹyìn jáde. Ọmọ náà àti ẹkùn rẹ̀ bọ́ sínú yìnyín tuntun, wọ́n sì fi í wé tákàdá funfun ńlá kan tí èèyàn lè yàwòrán sí. Ibi tó pọ̀ jù nínú àwòrán náà, kò fi nǹkan kan kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

Ó tún ku ohun kan, Pẹ́ńsù_Méjì. Wo fíìmù Klaus, 2019, ti Sergio Pablos. Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, ṣùgbọ́n wọ́n wá ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ fi ń rin ara àwọn èèyàn inú rẹ̀ bíi pé wọ́n ní ẹran ara. Nígbà tí o bá ń wò ó, má wo yìnyín. Wo ibi tí iná ti ń wá nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Iná inú bọ́ọ̀sì rẹ ńkọ́? Mo wo ojú ewé méjèèjì, mi ò rí ibi tó ti ń wá.

Pẹ́ńsù_Méjì

Mi ò ronú kan iná rárá. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.

Àdùkẹ́_ń_wòran

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀ láìdá sí i.

Ẹ lọ wá ìwé The Snowman ti Raymond Briggs, 1978. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀, pẹ́ńsù aláwọ̀ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo tún un ṣí ni pé Kérésì kò sí níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan fi yìnyín mọ èèyàn, ó dìde lóru, wọ́n jọ fò, ilẹ̀ mọ́, ó yọ́. Ó tán. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù fún Channel 4 ní 1982 ni wọ́n tó fi Bàbá Kérésì kún un, wọ́n gbé ọmọ náà dé Òpó Àríwá. Òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò bí Kérésì bá dé. Mo fẹ́ràn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ló máa ń pa mí lẹ́kún.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ọdún tí bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ilé ìwòsàn la wà ní oṣù Kejìlá. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lára ògiri, ohùn rẹ̀ kò jáde. A Charlie Brown Christmas ló ń lọ lórí rẹ̀. Àwa méjèèjì ń wò ó láìgbọ́ nǹkan kan. Ó dé ibi tí Linus, ọmọkùnrin tí kì í fi aṣọ ìbora rẹ̀ sílẹ̀, lọ dúró láàárín pèpéle tó ń sọ̀rọ̀. Mo rí i tí aṣọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi náà rí i, ó nàka sí i.

Ọdún kejì, bàbá ti lọ, mo wò ó pẹ̀lú ohùn. Ìtàn ìbí Jésù ló ń kà, ìwé Lúùkù orí kejì. Ibi tí áńgẹ́lì ti ní "Ẹ má bẹ̀rù" gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ ti tú lára aṣọ náà. Àwọn tó ṣe é kò sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí a lè rí i, wọn ò fi orin tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá rí i, rí i.

Àbúrò, fi nǹkan kan sí awakọ̀ yẹn lọ́wọ́ tó lè fi sílẹ̀.

Sinimá_Àtijọ́

Ọlọ́run yóò tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, ọmọ mi. O ṣeun tí o sọ ọ́ fún wa.

Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1965 ni fíìmù yẹn kọ́kọ́ jáde lórí CBS. Inú kọ́míìkì Peanuts ti Charles Schulz ni àwọn ọmọ náà ti wá. Ọmọdé gidi ni wọ́n fi sọ ohùn wọn. Àwọn kan kéré débi pé wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ fún wọn ní díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè tún un pè. Wọn ò fi ẹ̀rín àtẹ̀yìnwá sí i, ohun tó wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Jáàsì Vince Guaraldi ni orin rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n wò ó kó tó jáde, wọ́n ní ó fà jù, kò lè rìn.

Tàdáwà

Schulz tí ó lo nǹkan bí 50 ọdún lórí Charlie Brown, ọmọ kan tó ń sorí kọ́. Ẹ wò ó, ọmọ tí inú rẹ̀ kò dùn sí Kérésì ni wọ́n fi ṣe fíìmù Kérésì.

Gbàgbọ́n

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Ohun tí Tàdáwà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ni mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti wọlé.

Mo ní mi ò kì í wo fíìmù Kérésì. Mi ò sọ pé mi ò kì í ka kọ́míìkì. Ẹ mọ Scrooge McDuck, pẹ́pẹ́yẹ olówó ahun yẹn? Inú ìtàn Kérésì ni wọ́n ti bí i. Carl Barks ló yà á, oṣù Kejìlá 1947, orúkọ rẹ̀ sì wá láti ara ahun inú ìwé Charles Dickens ti 1843. Ìgbà tí a kọ́kọ́ rí i, ó jókòó nìkan nínú ilé ńlá rẹ̀, ó ń sọ pé òun kórìíra Kérésì, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn òun, òun náà ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Barks rò pé òun ò ní lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ahun náà kò lọ mọ́.

Briggs tí Àdùkẹ́ ń sọ, kó tó ya The Snowman, ní 1973, ó ya ìwé kan tó pe ní Father Christmas. Bàbá Kérésì jí láàárọ̀, ó rí òtútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ń ráhùn nítorí yìnyín, ó ń ráhùn nítorí ihò èéfín, ó ń ṣiṣẹ́ bí àwa yòókù. Grinch ti Dr. Seuss, 1957, ẹ̀dá tó kórìíra Kérésì yẹn, òun náà ńkọ́? (Ẹ ṣí ìwé yẹn, kò ní àwọ̀ ewé. Dúdú, funfun àti pupa ló wà níbẹ̀. Chuck Jones ló kùn ún láwọ̀ ewé fún tẹlifíṣọ̀n ní 1966.)

Gbogbo èyí tí mo fẹ́ràn nínú wọn, ẹnì kan ń bínú nínú rẹ̀. Pẹ́ńsù_Méjì, awakọ̀ rẹ ti dára jù. O dé fìlà Bàbá Kérésì fún un láti ojú ewé kìíní, ta ni kò mọ̀ pé yóò gbé bàbá náà délé? Jẹ́ kó bínú. Jẹ́ kó pòṣé. Ó ti ṣiṣẹ́ láti ìdájí, ilé ń dúró dè é, bàbá kan tí kò mọ̀ rí wá ń hanrun lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Èmi máa bínú.

Pẹ́ńsù_Méjì

Ẹ̀gbọ́n Gbàgbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo dìde lórí àga.

Ọ̀rẹ́_Fíìmù

Ọkùnrin tó ń bínú, tó fẹ́ délé bá ìyàwó rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 24. Die Hard lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn o. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Pẹ́ńsù_Méjì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo da ojú ewé méjèèjì àkọ́kọ́ nù, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo bá a dé nìyí.

Ojú ewé kìíní: bọ́ọ̀sì dúró ní òpin ọ̀nà. Òde dúdú. Awakọ̀ pa iná, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ti gbé àpò kọ́ èjìká. Fóònù wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń tàn, ilé ló ń pè é. Ó wo dígí. Bàbá wà níbẹ̀.

Ojú ewé kejì: ó pòṣé. Ó fi iná fóònù rìn lọ sẹ́yìn, iná náà ń kan àga kan tẹ̀lé òmíràn títí ó fi kan ẹrù orí itan bàbá. Ó fẹ́ pariwo. Ẹnu rẹ̀ ti là.

Ojú ewé kẹta: bébà tí wọ́n fi di ẹrù náà ti ya létí, ẹnì kan ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Fóònù tún pè. Awakọ̀ wò ó, ó wo ẹrù, ó da ojú fóònù dé orí àga. Gbogbo ojú ewé náà ṣókùnkùn. Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tó fi sílẹ̀ nìyẹn.

Ojú ewé kẹrin: àpótí àwòrán kan ṣoṣo ló gba gbogbo rẹ̀. A ti òkèèrè rí bọ́ọ̀sì tó ń padà sí ibi tó ti ń bọ̀. Iná inú rẹ̀ ti tàn padà, òun nìkan ló mọ́lẹ̀ nínú àwòrán náà. Bálúùnù ọ̀rọ̀ kan jáde láti iwájú ọkọ̀: "Ẹ máa sùn, bàbá. Ọdún yìí á yabo fún wa."

Mi ò fi yìnyín sí i. Fìlà ti lọ, igi ti lọ. Kò sí ohun tó sọ pé Kérésì ni àfi bébà ẹrù náà àti déètì lórí fóònù.

Àdùkẹ́_ń_wòran

Téèpù tí wọ́n lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta yẹn. Háà, àbúrò.

Tàdáwà

Ó dára. Ó dára ju ohun tí mo rò lọ, mi ò sì sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Yọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. O ti fi iná sọ ọ́ tán, ẹnu awakọ̀ kò ní nǹkan kan tó kù láti sọ. Àti pé bàbá ń sùn, ta ló ń bá sọ̀rọ̀?

Ní ti yìnyín, kí ọkàn rẹ má bàa máa fà á, àwọn kọ́míìkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àṣà kan. Nínú ìwé ti ọ̀sẹ̀ Kérésì, wọ́n a da yìnyín sórí lẹ́tà àkọlé, kó jókòó bẹ́ẹ̀ lórí orúkọ ìwé náà, inú ìtàn ì báà jẹ́ ìgbà ooru. Da tìrẹ síbẹ̀. Orí àkọlé nìkan, kó má wọnú ìtàn.

Sinimá_Àtijọ́

Kó sì jẹ́ ti ọṣẹ.

Pẹ́ńsù_Méjì

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti da yìnyín sórí lẹ́tà mẹ́ta nínú àkọlé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi ha á. Mo bo gbogbo ojú tó wà nínú àwòrán, mo gbàgbé láti bo tèmi.

Gbàgbọ́n

Mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló wà nínú ẹrù bàbá yẹn?

Pẹ́ńsù_Méjì

Mi ò ya á, ẹ̀gbọ́n.

Gbàgbọ́n

Mo mọ̀ pé o ò ya á. Kí ló wà níbẹ̀?

Ọ̀rẹ́_Fíìmù

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ò ní yìnbọn nínú rẹ̀ rárá ni?